Ta Ni Ó Ni Àṣírí Ẹ̀jẹ̀ Mi?

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, Gómìnà Ìpínlẹ̀ Kánò, Abba Kabir Yusuf, fi ọwọ́ sí òfin kan tí ó sọ ọ́ di dandan pé kí ọkùnrin àti obìnrin tí wọ́n bá fẹ́ fẹ́ ara wọn ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kí ìgbéyàwó wọn tó lè wáyé. Àyẹ̀wò mẹ́ta ni òfin náà kà sílẹ̀: ti jẹ́nótáìpù, èyí tí í fi irú ẹ̀jẹ̀ tí a jogún hàn, ti kòkòrò HIV, àti ti àrùn ẹ̀dọ̀ tí àwọn oníṣègùn ń pè ní hẹpatáítìsì. Láti ìgbà tí ìròyìn náà ti jáde ni mo ti ń gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń yìn ín, ní ọjà, nínú ọkọ̀, àti nínú gbọ̀ngàn ìjẹun wa níhìn-ín. Mo bẹ ẹ̀yin olùkọ́ mi àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi pé kí ẹ fún mi láyè kí n sọ ìdí tí n kò fi lè bá wọn yìn ín.

Ọ̀rọ̀ náà kàn mí gbọ̀ngbọ̀n. Sábọ́n Gàrí ní Kánò ni wọ́n bí mi sí. Ibẹ̀ ni bàbá mi ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ láti ìgbà èwe wọn. Èmi nìkan kọ́ ni mo sì ti Kánò wá sí kọ́lẹ́ẹ̀jì wa yìí. Bí ọlidé bá dé, ọkọ̀ méjì ni ó máa ń kún fún àwa ọmọ Yorùbá tí ń padà sí Sábó, ó sì ti di àṣà wa láti máa bi ara wa nínú ọkọ̀ náà pé ta ni yóò kọ́kọ́ mú àfẹ́sọ́nà lọ han àwọn òbí. Gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti kéde òfin náà, kì í ṣe ẹ̀sìn kan tàbí ẹ̀yà kan ni ó ń bá wí. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ ṣe ìgbéyàwó ní ìpínlẹ̀ náà ni. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ mi yìí kì í ṣe ti àlejò tí ń dá sí ọ̀rọ̀ onílé.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣì mí gbọ́ o. N kò sọ pé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kò dára. Bí mo bá ní agbára, n ó kọ́ gbogbo ọmọ ilé-ìwé girama ní ohun tí AA, AS àti SS túmọ̀ sí kí wọ́n tó mọ ohun tí ìfẹ́ ń jẹ́. Ohun tí mo lòdì sí ni pé kí ìjọba gba èsì àyẹ̀wò náà lọ́wọ́ ẹni tí ó ni í, kí ó sọ ọ́ di kọ́kọ́rọ́ tí a fi ń ṣí ilẹ̀kùn ìgbéyàwó tàbí tí a fi ń tì í, láìro ti ẹni tí yóò gbọ́, ohun tí yóò ti ẹnu ẹni tí ó gbọ́ jáde, àti ẹni tí yóò jìyà rẹ̀.

Àrùn tí àwọn baba wa ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde kì í ṣe ohun àfiṣeré. Ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ó bá ní in a máa tẹ̀ kọdọrọ bí dòjé, a máa dí ojú iṣan, egungun a sì máa ro aláìsàn náà bí ẹni pé wọ́n ń gún un nínú odó. Ní ilẹ̀ Nàìjíríà, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ AS. Ẹni tí ó jẹ́ AS kì í ṣe aláìsàn. Kódà, láti ọdún 1954 ni Anthony Allison ti fi hàn pé irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ a máa dáàbò bo ọmọdé lọ́wọ́ ibà, ìdí sì nìyí tí ó fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ wa tí ẹ̀fọn pọ̀ sí. Ìgbà tí AS bá fẹ́ AS ni ewu wà, nítorí pé nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni ó ṣeé ṣe kí ọmọ náà jẹ́ SS. Àwọn kan rò pé bí irú tọkọtaya bẹ́ẹ̀ bá bí mẹ́rin, ọ̀kan péré ni yóò ṣàìsàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Oyún kọ̀ọ̀kan ni ó ń ta ayò tirẹ̀. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè yè é, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì lè kó sí i. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé àwọn ọmọ tí a ń bí pẹ̀lú àrùn yìí ní Nàìjíríà tó 150,000 lọ́dọọdún.

Àbúrò bàbá mi obìnrin kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ bí ọmọ márùn-ún, méjì ni ó kù. Wọ́n sọ ọ̀kan ní Málọmọ́, wọ́n sọ èkejì ní Dúrósinmí, wọ́n sín gbẹ́rẹ́ fún wọn, wọ́n so ṣaworo mọ́ wọn lẹ́sẹ̀, nítorí pé àbíkú ni gbogbo ilé pè wọ́n. Ìgbà tí ẹ̀kẹta ti kú tán ni dókítà kan tó ṣàlàyé fún ìyá wọn pé ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ ọ̀run. Bàbá mi ni wọ́n fi ọwọ́ ara wọn sin méjì nínú àwọn ọmọ náà. Nítorí náà, nígbà tí mo dé ilé ní ọlidé tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í bu ẹnu àtẹ́ lu òfin náà, wọ́n pe oríkì mi, wọ́n ní, “Àdùkẹ́, bí ó bá ṣe pé òfin yìí ti wà nígbà tí a fẹ́ fa àbúrò mi fún ọkọ, ojú wa kì bá tí rí ohun tí ó rí.” N kò rí èsì fọ̀. Ẹni tí ó ti gbé òkú ọmọ lọ́wọ́ rí kì í ṣe ẹni tí a ń fi ìwé òfin bá jiyàn. Ṣùgbọ́n mo ti rò ó lọ́tùn-ún rò ó lósì láti ọjọ́ náà, ohun tí mo rí ni mo ń kọ sílẹ̀ yìí.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ó pẹ́ kí láàbù tó dé ni Yorùbá ti ń ṣe àyẹ̀wò kí wọ́n tó gbéyàwó. Bí ọkùnrin bá rí obìnrin tí ó wù ú, tàbí bí àwọn òbí rẹ̀ bá bá a rí i, wọn kì í kánjú. Alárenà ni wọn yóò rán. Alárenà yìí ni yóò fọgbọ́n wádìí ilé tí wọ́n fẹ́ lọ: ǹjẹ́ wárápá kò sí níbẹ̀? Ǹjẹ́ ẹ̀tẹ̀ kò jà nínú ìran wọn rí? Ǹjẹ́ wọn kì í ya wèrè? Ǹjẹ́ ọmọ wọn máa ń dàgbà? Àwọn ará ilé obìnrin náà yóò sì rán tiwọn, nítorí pé ìwádìí náà kì í ṣe ti apá kan. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò tó lọ bi Ifá.

Ibi tí ọgbọ́n àwọn baba wa wà gan-an ni ohun tí wọ́n ń ṣe nígbà tí ìwádìí bá fi ohun búburú hàn. Wọn kì í pariwo. Wọn kì í sọ pé, “A kò fẹ́ ọmọ yín mọ́ nítorí pé wárápá wà ní ìdílé yín.” Wọn á kàn ránṣẹ́ pé Ifá kò fọre. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni, kò sì sí ẹni tí í bi wọ́n pé kí ni Ifá rí. Àwọn tí a ránṣẹ́ sí lè mọ ohun tí a ń wí, wọ́n sì lè má mọ̀. Bí ó ti wù kí ó rí, ojú kò tì wọ́n láàárín ọjà. Ọkùnrin mìíràn lè wá tọrọ ọmọbìnrin kan náà ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, òun náà yóò sì rán alárenà tirẹ̀. Ìyá bàbá mi sọ fún mi kí wọ́n tó kú pé ẹ̀ẹ̀mẹfà ni àwọn jẹ́ alárenà, ẹ̀ẹ̀mejì ni ọ̀rọ̀ sì bàjẹ́ lẹ́yìn ìwádìí. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n sọ àwọn ilé náà fún mi. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Ẹyin ni ohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́.” Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún nígbà náà tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀. Nínú ẹ̀kọ́ àṣà, a máa ń ka alárenà mọ́ ohun tí ó ti kọjá lọ, a sì máa ń bá a pàdé nínú ìbéèrè ìdánwò. Ní tèmi o, n kò tíì rí òfin òde òní kan tí ó mọ iṣẹ́ alárenà tó alárenà.

N kò ní purọ́ pé gbogbo àṣà wa ni ó bo àṣírí. Ọ̀rọ̀ ìbálé ńkọ́? Aṣọ funfun tí wọ́n ń tẹ́ sí orí ẹní ìyàwó, tí àwọn àgbà obìnrin ń dúró dè ní òwúrọ̀? Bí wọ́n bá bá ìyàwó nílé, ijó àti ẹ̀bùn ni. Bí wọn kò bá bá a nílé, agbè ẹmu tí kò kún tàbí páálí ìṣáná tí ó ṣófo ni wọn yóò fi ránṣẹ́ sí àwọn òbí rẹ̀, gbogbo àdúgbò ni yóò sì ka lẹ́tà tí ẹnikẹ́ni kò kọ yìí. Kò sí ẹni tí ó tẹ́ aṣọ funfun fún ọkọ. A ti jẹ́ kí àṣà náà lọ, n kò sì tíì gbọ́ pé ẹnikẹ́ni ń sunkún rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbọ́ pé ìwé-ẹ̀rí ẹ̀jẹ̀ ni a óò máa mú lọ síwájú ẹni tí yóò so yìgì tàbí ẹni tí yóò so wá pọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, aṣọ funfun yẹn ni ó sọ sí mi lọ́kàn.

Irú rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀ kí òfin tó dé. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ṣe ilé-ìwé girama fún mi láyè kí n kọ ìtàn rẹ̀, bí n kò bá ti dárúkọ òun, ìlú rẹ̀ tàbí ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Nígbà tí òun àti àfẹ́sọ́nà rẹ̀ lọ fi ọjọ́ ìgbéyàwó wọn hàn, wọ́n ní kí wọ́n lọ ṣe àyẹ̀wò ní láàbù tí ìjọ yàn. Ti HIV wà níbẹ̀, ti jẹ́nótáìpù wà níbẹ̀, ti oyún sì wà níbẹ̀ fún obìnrin nìkan. Wọn kò fi èsì náà lé àwọn méjèèjì lọ́wọ́. Ìgbìmọ̀ ìgbéyàwó ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí. Ọ̀rẹ́ mi ń bọ̀ láti ọjà ní ọjọ́ kẹta nígbà tí obìnrin kan tí kò bá a tan kí i pé “Ẹ kú ìrọ́jú o.” Ìrọ́jú kí ni? Ibẹ̀ ni ó ti kọ́kọ́ gbọ́ pé ìwé sọ pé AS ni òun àti àfẹ́sọ́nà òun. Ìyá ọkọ ti gbọ́ ṣáájú rẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ti tú ká, AS sì ti di SS lẹ́nu àwọn ènìyàn, wọ́n ń pe ẹni tí ara rẹ̀ le koko bí òkúta ní aláìsàn.

Ó lè jẹ́ pé bí wọ́n bá fún àwọn méjèèjì ní èsì náà nínú yàrá, tí wọ́n sì ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn, wọn ì bá tú ká bákan náà. Ìyẹn ì bá jẹ́ ìpinnu wọn. Ṣùgbọ́n ìtàn náà kò parí síbẹ̀. Ní ọdún méjì lẹ́yìn náà, ọ̀rẹ́ mi tún ṣe àyẹ̀wò ní ilé ìwòsàn mìíràn nítorí iṣẹ́ tí ó ń wá. AA ni wọ́n rí. Kò gbà á gbọ́. Ó lọ sí ibòmíràn, AA ni wọ́n tún rí. Láàbù àkọ́kọ́ ni ó ṣe àṣìṣe. Ọkùnrin náà ti gbé ẹlòmíràn níyàwó nígbà náà. Àwa tí a ń gbé ní orílẹ̀-èdè yìí mọ̀ pé irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí ó ṣọ̀wọ́n. Àwọn dókítà fúnra wọn ni wọ́n ń gbà wá ní ìmọ̀ràn pé kí a ṣe àyẹ̀wò jẹ́nótáìpù ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, kí ó má sì jẹ́ ní ojú kan náà. Èsì tí ó wà lọ́wọ́ ẹni tí ó ni í ṣeé tún ṣe. Èyí tí ó ti dé etí àdúgbò, ta ni yóò lọ ṣà á jọ?

Ohun tí mo ń bẹ̀rù yìí ti ṣẹlẹ̀ rí ní ibi tí ó tóbi ju àdúgbò kan lọ, àwọn tí ó sì ṣẹlẹ̀ sí jẹ́ àtọmọdọ́mọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti etíkun wa. Ní Amẹ́ríkà, ọdún 1910 ni dókítà kan ní Chicago, James Herrick, kọ́kọ́ kọ̀wé nípa ẹ̀jẹ̀ tí ó tẹ̀ bí dòjé. Ní ọdún 1949, Linus Pauling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé inú èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀ ni àléébù náà wà. Ọ̀mọ̀wé ńlá ni Pauling, ẹ̀ẹ̀mejì ni ó gba ẹ̀bùn Nobel. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1968, òun kan náà ni ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó yẹ kí wọ́n fín àmì sí iwájú orí gbogbo ọ̀dọ́ tí ó bá ní ẹ̀jẹ̀ yìí, kí àwọn méjì tí wọ́n ní in má baà fẹ́ ara wọn. Àwa Yorùbá mọ ilà. Pélé, àbàjà, gọ̀m̀bọ́, a fi wọ́n dá ara wa mọ̀ ni, pé ọmọ báyìí ni mí, kí ogun má baà tú wa ká láìrí ara wa mọ́. Ilà tí Pauling fẹ́ kọ fún àwọn ènìyàn kì í ṣe èyí tí ń pe ọmọ wálé.

Wọn kò fín àmì náà o, ṣùgbọ́n òfin dé. Ní ọdún 1971, Ìpínlẹ̀ Massachusetts sọ àyẹ̀wò náà di dandan, àwọn ìpínlẹ̀ tí ó sì tẹ̀ lé e láàárín ọdún méjì ju mẹ́wàá lọ. Òmíràn nínú wọn fi í ṣe ohun tí ọmọ gbọ́dọ̀ ṣe kí ó tó wọ ilé-ìwé. New York fi í sí ara ohun tí àwọn aláwọ̀ dúdú gbọ́dọ̀ ṣe kí wọ́n tó gba ìwé àṣẹ ìgbéyàwó. Wọn kò kọ́ àwọn ènìyàn ní ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ẹni tí ó ń ṣàìsàn àti ẹni tí ó kàn ní ẹ̀jẹ̀ náà. Kí ni ó ti ẹ̀yìn rẹ̀ yọ? Àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò kan gbówó lé àwọn tí ara wọn dá ṣáṣá. Àwọn kan pàdánù iṣẹ́. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ogun òfurufú Amẹ́ríkà kò gba ẹni tí ó bá jẹ́ AS títí di ọdún 1981. Ìjọba àpapọ̀ wọn ti rí i ní kíákíá pé ọ̀nà náà kò tọ́: nínú òfin tí Ààrẹ Nixon fi ọwọ́ sí ní ọdún 1972, wọ́n ní àyẹ̀wò tí a bá fi owó àwọn ṣe gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ìfẹ́-inú, kí a sì pa èsì rẹ̀ mọ́. Ohun tí ó wú mi lórí jù nínú ìtàn náà ni pé láti ọdún 1971 ni ẹgbẹ́ Black Panther ti ń gbé àyẹ̀wò yìí kiri láàárín àwọn ènìyàn wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn ènìyàn jáde wá fún wọn. Kò sí ọlọ́pàá, kò sí ìwé-ẹ̀rí.

Ẹ jẹ́ kí a padà sílé wá wo òfin tiwa. Abala 37 nínú Ìwé Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 fún gbogbo ọmọ orílẹ̀-èdè yìí ní ẹ̀tọ́ sí àṣírí ara rẹ̀. Òfin Ìlera ti ọdún 2014, ní abala 26, sọ pé ọ̀rọ̀ ìlera ẹni tí ó bá lọ sí ilé ìwòsàn jẹ́ ọ̀rọ̀ àṣírí. Inú mi dùn nígbà tí mo kà á, títí mo fi dé ìsàlẹ̀ rẹ̀. Lára ohun tí ó lè tú àṣírí náà ni ìyọ̀ǹda ẹni tí ó ni ín, tí ó kọ sílẹ̀, àṣẹ ilé-ẹjọ́, tàbí bí òfin kan bá ní kí a tú u. Bí òfin kan bá ní kí a tú u! Ojú ihò yìí gan-an ni òfin ìpínlẹ̀ lè gbà wọlé. Ìdí nìyí tí kò fi tó kí a máa sọ pé dókítà ti búra. Ìbúra dókítà dúró níbi tí òfin bá ti gbà á láyè.

Ẹ tún wo apá kejì. Láti àwọn ọdún 1990 ni àwọn oníṣègùn ní Èkó ti ń lè yẹ ọmọ inú oyún wò láti mọ̀ bóyá SS ni. Ṣùgbọ́n bí ìyá bá mọ̀, kí ni ó lè ṣe? Penal Code tí wọ́n ń lò ní Òkè Ọya níhìn-ín sọ ní abala 232 pé ẹni tí ó bá ṣẹ́ oyún, àfi tí ó bá jẹ́ láti gba ẹ̀mí ìyá là, lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rìnlá jura. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ òǹkàwé wa ni ẹ̀sìn wọn kò gba oyún ṣíṣẹ́, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni yí ìgbàgbọ́ rẹ̀ padà nítorí mi. Ohun tí mo ń tọ́ka sí ni bí ọwọ́ ìjọba ti pọ̀ tó nínú ọ̀rọ̀ tí ó jẹ́ ti ènìyàn méjì. Ó wọ inú ìyẹ̀wù nígbà tí a ń fẹ́ra, ó tún dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn nígbà tí a lóyún. Nígbà tí ọmọ bá wá ń ké nítorí egungun rẹ̀ ní òru, tí oògùn ń fẹ́ owó, tí ẹ̀jẹ̀ ń fẹ́ owó, ó ṣọ̀wọ́n kí a tó rí i.

Ní ti HIV, gbólóhùn díẹ̀ tó. Ẹni tí ó bá ń lo oògùn rẹ̀ déédéé títí kòkòrò náà kò fi hàn mọ́ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í kó o ran ẹni tí ó bá fẹ́, ìyá tí ó ní in sì lè bí ọmọ tí kò ní in. Ó di ìgbà tí ènìyàn bá yọjú kí ó tó rí oògùn gbà. Bí ẹni tí ó ń bẹ̀rù bá mọ̀ pé èsì rẹ̀ yóò gba iwájú ìgbìmọ̀ kọjá, yóò gbéyàwó ní ìpínlẹ̀ kejì tàbí kí ó ra ìwé-ẹ̀rí ayédèrú. Ẹ̀yin náà mọ ibi tí wọ́n ti ń tà á. Obìnrin ni ó sì máa ń ru ẹ̀bi rẹ̀ jù, nítorí pé ẹni tí a bá kọ́kọ́ gbọ́ èsì rẹ̀ ni a ń pè ní ẹni tí ó kó àrùn wọlé.

Ṣé kò wá sí ọ̀nà mìíràn ni? Ó wà. Ní erékùṣù Cyprus, àrùn ẹ̀jẹ̀ àjogúnbá kan tí wọ́n ń pè ní talasímíà bá wọn jà púpọ̀. Láti ọdún 1983 ni ìjọ Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì níbẹ̀ ti ń béèrè ìwé kí wọ́n tó so tọkọtaya pọ̀. Ohun tí ìwé náà ń sọ kò ju pé àwọn méjèèjì ti ṣe àyẹ̀wò, wọ́n sì ti gba ìmọ̀ràn. Kò sọ èsì. Ẹni tí ó bá fẹ́ fẹ́ra lẹ́yìn náà lè fẹ́ra; ọ̀pọ̀ wọn ni ó ń fẹ́ra, tí wọ́n sì ń lo àyẹ̀wò ọmọ inú oyún, nítorí pé òfin tiwọn fi ìpinnu ìyókù sílẹ̀ fún wọn. Àwọn ọmọ tí wọ́n ń bí pẹ̀lú àrùn náà níbẹ̀ dín kù títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ní Saudi Arébíà, tí kì í ṣe ilẹ̀ tí a lè pè ní onígbẹ̀fẹ́, àyẹ̀wò ti di dandan láti ọdún 2004, síbẹ̀ èsì rẹ̀ kò dí tọkọtaya lọ́wọ́ láti ṣe ìgbéyàwó bí wọ́n bá ti gbọ́ tí wọ́n sì gbà.

Mo sọ ti Cyprus fún bàbá mi ní ọlidé tí ó kọjá. Wọ́n fọkàn balẹ̀ gbọ́ ọ. Wọ́n ní, “Tí àwọn méjèèjì bá mọ̀, tí wọ́n ṣì fẹ́ra ńkọ́?” Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, àwọn ni wọn yóò tọ́jú ọmọ náà. Kì í ṣe gómìnà.” Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní bí àbúrò àwọn bá mọ̀ nígbà náà, bóyá ni ì bá fi ọkọ rẹ̀ sílẹ̀, nítorí pé àwọn méjèèjì fẹ́ràn ara wọn jù. Wọ́n ní ṣùgbọ́n ì bá ti gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà ní ọjọ́ kìíní, kì í ṣe sọ́dọ̀ ẹni tí ń sín gbẹ́rẹ́. N kò fi kún un. Wọn kò sọ pé mo jàre, n kò sì béèrè.

Àwa mélòó kan láti Kánò ti kọ ìwé sí àwọn aṣojú wa ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ìpínlẹ̀ náà. A kò ní kí wọ́n fagi lé àyẹ̀wò. A ní kí wọ́n tún òfin náà ṣe kí ìwé-ẹ̀rí má sọ ju pé tọkọtaya ti ṣe àyẹ̀wò, wọ́n sì ti gba ìmọ̀ràn. Kí èsì jẹ́ ti ẹni tí ó ni ẹ̀jẹ̀ nìkan. Kí ẹnikẹ́ni tí ó bá tú u, ìbáà ṣe òṣìṣẹ́ láàbù, ìbáà ṣe pásítọ̀ tàbí lemọ́ọ̀mù, fojú ba ilé-ẹjọ́. Kí àyẹ̀wò kejì sì jẹ́ ọ̀fẹ́ fún ẹni tí ó bá ń ṣiyèméjì. A fi ẹ̀kọ́ nípa jẹ́nótáìpù ní ilé-ìwé girama kún un, nítorí pé olùkọ́ ni wá, iṣẹ́ wa sì ni. Ìwé náà wà lọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ àwa akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá títí di ọjọ́ Ẹtì tí ń bọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ọwọ́ sí i, kí ó lọ bá a ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́ lẹ́yìn ẹ̀kọ́ ọ̀sán. Orúkọ àti ìlú rẹ nìkan ni a ó bi ọ́. A kò ní bi ọ́ ní irú ẹ̀jẹ̀ rẹ.